Èmi Kì í Ṣe Orúkọ

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí kì í bu iyọ̀ sí ìtàn. Olùkọ́ físíìsì ni, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ pé ohun tí a kò bá tíì rí lẹ́ẹ̀mejì, kí a má tíì pè é ní ìmọ̀. Kò mutí. Kò ṣàìsàn. Ọ̀sán gangan ni, iná wà, òjò wínníwínní ń rọ̀. Bí ó ti sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ọkọ rẹ̀ ti kú kí ó tó di ọjọ́ náà. Àwọn ènìyàn ń yìn ín pé ó ṣe ọkàn akin, nítorí pé kò sunkún. Kì í ṣe ọkàn akin. Bí apá tí ènìyàn sùn lé mọ́jú ni gbogbo ara rẹ̀ rí: apá wà níbẹ̀, ó ń gbé nǹkan, ó ń sọ nǹkan kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó fọwọ́ kàn. Ó ń lọ síbi iṣẹ́. Ó ń jẹun. Ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, níbi tó ti ń lọ aṣọ, ó wá fura pé òun kò rántí ohùn ọkọ òun mọ́. Ó rántí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà máa ń sọ. Ohùn tó fi ń sọ ọ́ ni kò sí. Ó wá a títí, bí ẹni tó tọwọ́ bọ àpò tó dá a lójú pé owó wà níbẹ̀, tó bá aṣọ lásán.

Ibì kan ṣoṣo ni ohùn náà kù sí láyé: káàdì pélébé kan, tí kò ju sítáǹbù lẹ́tà lọ. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ya fídíò tó wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà ń lọ aṣọ, ó ń kọrin, ohùn rẹ̀ sì ń gba gbogbo ọ̀nà tí orin kò gbà. Ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kámẹ́rà. Káàdì ọ̀hún wà nínú ihò tí wọ́n ṣe fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká, kò sì ṣeé yọ. Sípíríìngì tó yẹ kó tì í jáde ti kán. Bí a bá fi agbára fà á, ó lè là sí méjì. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà sọ ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀ dọ̀tun lọ́jọ́ kan, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, kò dá ihò náà mọ̀ mọ́. Lójú tirẹ̀, kò tilẹ̀ sí ihò kankan lára òun.

Àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, wá ní ọ̀sán Sátidé. Eyínfúnjowó ni obìnrin náà ń pè é láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ.

"Eyín ọ̀hún ti ń pọ́n o, ìyàwó wa," ni ọkùnrin náà wí bó ṣe ń bọ́ bàtà. "Kọfí ti bà á jẹ́."

Ó ní kọ̀ǹpútà dà bí onílé tó fẹ́ràn ìbéèrè. Bí a bá ti tàn án, yóò máa ké sí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ta ni ìwọ. Kíbọ́ọ̀dù á dárúkọ ara rẹ̀. Kámẹ́rà á dárúkọ ara rẹ̀. Èyí tí kò bá dárúkọ, onílé kò ní í ṣílẹ̀kùn fún un.

Nǹkan kan mì díẹ̀ nínú àyà olùkọ́, bí ẹja nísàlẹ̀ odò jíjìn. Eré tí òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń ṣe nìyẹn. Bí ọkùnrin náà bá ti ibi iṣẹ́ dé, á kan ilẹ̀kùn. Ta ni? Èmi ni. Obìnrin náà á ní Èmi kì í ṣe orúkọ. Ọkùnrin náà á kàn máa rẹ́rìn-ín níta. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n fi jẹ́ tọkọtaya, kò dárúkọ rí. Òjò ti pa á lẹ́nu ọ̀nà yẹn rí, kò dárúkọ.

Olùkọ́ ní ohun kan ṣoṣo ni kí àwọn máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ wọ ìsàlẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà lọ, láti wò ó bóyá wọ́n ti ihò náà pa níbẹ̀. Wọn kò tì í pa. Wọ́n yọ bátìrì, wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ títí iná tó kù nínú ẹ̀rọ fi tán. Kò sí ìyàtọ̀. Nígbà náà ni Eyínfúnjowó yọ ètò kékeré tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ihò náà fún kọ̀ǹpútà, ó sì fi ti àtijọ́ rọ́pò rẹ̀. Ó tún kọ̀ǹpútà tàn.

Ihò náà yọ lójú kọ̀ǹpútà láàárín àwọn tó jẹ́ ìpè. Àmì ìkìlọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó ṣe é wà, lẹ́tà mẹ́ta ni: EMI.

Eyínfúnjowó rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó lè jẹ́ ìkékúrú orúkọ kan. Ọkùnrin náà ní bóyá, ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn ni òun bá níbẹ̀ nígbà tí òun tún kọ̀ǹpútà yẹn ṣe fún ẹ̀gbọ́n òun. Ó yọ ètò náà, ó tún fi í sí àyè rẹ̀, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án.

EMI NI.

Fáànù inú kọ̀ǹpútà dákẹ́. Òjò nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká pa á."

"A ti rí i lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìdí tí mo fi ní ká pa á nìyẹn."

Obìnrin náà kò gbà. Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó ní òun ń lọ mú ẹ̀mú kan ní ṣọ́ọ̀bù, pé ó sàn kí àwọn fa káàdì náà yọ, kó là bó bá fẹ́ là. Ó yára jáde débi pé ó gbàgbé agbòjò rẹ̀. Olùkọ́ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì padà sídìí tábìlì.

Kọ̀ǹpútà ń béèrè bóyá kí òun gba ohun tuntun yìí láyè. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Káàdì ṣí. Fídíò náà wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró nídìí aṣọ, ooru ń rú lára áyọ́ọ̀nù. Obìnrin náà gbọ́ bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń kan pákó. Ó gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀. Ẹnu ọkọ rẹ̀ ń là, ó ń pàdé. Kò sí orin. Ó gbé ohùn kọ̀ǹpútà sókè dópin. Ẹ̀rín tirẹ̀ gba gbogbo yàrá. Kò sí orin.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Ta ni?" Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó.

"Èmi ni."

Ohùn ọkùnrin ni. Kì í ṣe ti Eyínfúnjowó. Obìnrin náà dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rù kò bà á. Ó kíyè sí èyí, bí ó ti máa ń kíyè sí ìwọ̀n ooru nínú ife. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà: ṣé ohùn rẹ̀ ni? Kò sì ní ohun tó lè fi dáhùn. Ó ti gbàgbé ohùn náà, èyí tí ì bá sì fi wé e ń la ẹnu lásán lórí tábìlì. Òun náà ló wá dà bí kọ̀ǹpútà yẹn: wọ́n ti dá a lóhùn, kò dá ẹni tó dáhùn mọ̀.

Ó rò ó títí. Ìdánwò kan ló kù. Ọkọ òun kì í dárúkọ.

"Èmi kì í ṣe orúkọ," ni ó wí.

Kò sí ẹ̀rín.

Lẹ́yìn náà, ẹni tó wà níta dárúkọ. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni, pé pérépéré, pẹ̀lú ti bàbá rẹ̀. Ó pè é díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kà á lára ògiri. Tàbí bí ẹni tó ti rẹ̀ láti máa dúró nínú òjò.

Obìnrin náà mú ọwọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́.

Kò mọ bó ti pẹ́ tó lórí ìdúró kí ó tó gbọ́ igbe àbúrò ọkọ rẹ̀. "Eyínfúnjowó ni o. Ẹ ṣílẹ̀kùn." Ó ní òun kò pàdé ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Pèpéle ẹnu ọ̀nà tutù rinrin, àfi ojú kan tó gbẹ, tó tó ibi tí ènìyàn kan lè dúró sí. Ọkùnrin náà wò ó. Ó gbé ẹsẹ̀ rékọjá rẹ̀.

Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ ẹni tó ṣe ihò náà ti padà sí àyè rẹ̀. Àmì ìkìlọ̀ ti kúrò. Kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀, Eyínfúnjowó ti tẹ fídíò náà, orin sì bọ́ sílẹ̀ nínú yàrá, ó wọ́, ó rìn gbéregbère, ó ń gba gbogbo ọ̀nà tí kò yẹ. Ọkùnrin náà sọ orí kọ́. Omi ń kán láti ojú rẹ̀ sórí kíbọ́ọ̀dù.

"Ohùn ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ìyàwó wa, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Òun gan-an nìyí."

Obìnrin náà gbọ́ ọ. Ó dá a mọ̀ dáadáa. Ẹnu ọ̀nà ló ti mọ̀ ọ́n: ohùn tó dárúkọ níta ni.

Ojú rẹ̀ gbẹ. Kò tíì sunkún títí di àkókò tó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ṣùgbọ́n kì í ti ilẹ̀kùn yẹn ní kọ́kọ́rọ́ mọ́, lọ́sàn-án tàbí lóru. Ẹni tó bá sì kàn án, kì í béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni.