Irin Ìwalẹ̀ Beryl Chidgey

Tíì náà ń rú èéfín, ṣùgbọ́n bó ṣe kan ètè Beryl Chidgey báyìí, ó tutù bí omi ìsàlẹ̀ kànga. Ife kẹrin láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyí. Òòró ló sì wà tó ń mu ún. Àga wà o. Bó bá ti fẹ́ jókòó ni orúnkún rẹ̀ méjèèjì á gan bí ẹsẹ̀ tábìlì.

"Olólùfẹ́, ṣé eéwo ló sọ ẹ́ nídìí ni?" Denzil Vowles tí wọ́n jọ ń walẹ̀ ló bi í. Lórí àwọn òkè Somerset nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olólùfẹ́ ni wọ́n ń pe gbogbo èèyàn, títí kan ẹni tó fẹ́ yọ wọ́n léyín.

"Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún."

Beryl mọ ohun tó fà á. Irin ìwalẹ̀ rẹ̀ ló sọnù lọ́jọ́ Ajé, irin pẹlẹbẹ bíi ti bíríkìlà, tó ti fi ń wá àwókù ìlú àwọn ará Róòmù tó wa òjé níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ọgbọ̀n ọdún ló fi lò ó; kò lè fi í pààrọ̀ ọkọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Inú bí i, ló bá ṣe ohun tí àwọn ará Róòmù ń ṣe sí olè. Ó fi ìṣó kọ̀wé sára òjé pẹlẹbẹ: "Òrìṣà ihò yìí, ẹni tó mú ohun ẹlòmíràn lórí òkè yìí, tó sọ ọ́ di tirẹ̀, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ẹrú ni o, ọmọ ìlú ni o, kó má jókòó, kó má mu ohun gbígbóná, títí yóò fi gbé e wá fún ọ." Ó ká a, ó jù ú sínú ihò jíjìn tí wọ́n ti wa òjé láyé ọjọ́un. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń walẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, Denzil rí irin náà lórí òkìtì erùpẹ̀, níbi tí Beryl gbàgbé rẹ̀ sí. Kò sí olè kankan. Àmọ́ látìgbà tó ti ju òjé yẹn sínú ihò ni Beryl kò ti jókòó mọ́.

Ó yí irin náà padà. Lẹ́tà méjì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ wà lára èèkù rẹ̀: E.T.

"Denzil," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "èmi ni olè náà."

"O jí irin ara ẹ?"

"Ti Edgar Tudball ni, bàbá tí a jọ ń walẹ̀ níbí lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ó lọ tọ̀ lẹ́yìn igbó, mo bá mú un."

Denzil ṣí fìlà. "Bàbá yẹn wá irin yìí títí tó fi kú!"

"Mo bá a wá a."

Ó rìn lọ sétí ihò, ó fẹnu ko irin náà lẹ́nu, ó sọ ọ́ sínú ihò náà. Kò gbọ́ kó balẹ̀. Ohun tó gbọ́ láti ìsàlẹ̀ ihò ni ìró ẹnì kan tó mí kanlẹ̀, tó sì rọra jókòó sórí àga.

Orúnkún rẹ̀ rọ̀. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí koríko tútù. Tíì tí Denzil gbé wá jó o láhọ́n, omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀.

Ìgbà tó gbójú sókè ló rí Dókítà Padfield, ọ̀gá wọn, lẹ́nu ọ̀nà ahéré ìkẹ́rùsí. Ìkòkò, bàtà, òrùka àwọn ará Róòmù tí wọ́n hú lórí òkè náà ló kún ibẹ̀, ẹgbẹ̀ẹ́dógún àpò, orúkọ Padfield lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wà lóòró. Ife ọwọ́ rẹ̀ ń rú èéfín. Ó fi kan ètè, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Beryl," ó rọra pè é, "ihò yẹn... báwo ló ṣe fẹ̀ tó?"