Àmì Bírò ní Òpópónà Foundry

Iyanrìn ilé iṣẹ́ gíláàsì ṣì ń kọ mànà lórí irun ìpéǹpéjú Joel Stasko nígbà tí ó yára wọ ilé ìkàwé Brennick, ní aago méje alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Corinne Pruett ti ń ká àwòrán ìlú kúrò lára ògiri. Ó wo ọkùnrin gíga náà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Ẹnjiníà ìlú ni Corinne. Lọ́jọ́ náà, ìlú ní kí olúkúlùkù lẹ bébà róbótó kan mọ́ àwòrán náà, síbi iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kí wọ́n fi sínú ètò ọdún márùn-ún. Bébà mẹ́wàá ti wà lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Alder Hill. Méjì péré ni ó wà lórí Òpópónà Foundry, níbi tí páìpù ìdọ̀tí ti máa ń bi omi ẹ̀gbin padà sínú yàrá abẹ́ ilé nígbàkígbà tí òjò bá rọ̀.

"Bébà kan ni mo wá gbà," ni Joel wí. "Àwọn aládùúgbò mi mẹ́wàá ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Ẹ má bínú, bébà ti tán."

"Aago méje la ṣíwọ́ iṣẹ́. Àbí ìlú kì í gbọ́ ti ẹni tó bá ṣì ń làágùn ni?"

Corinne rẹ́rìn-ín. Ó fa bírò aláwọ̀ ewé yọ, ó sì ya àmì róbótó kan sórí Foundry.

"Wọn á ka èyí náà."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Mo fi ọ̀rọ̀ mi dúró."

Kí ó tó ti ilẹ̀kùn, àmì mọ́kànlá ni ó ti yà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, kí Joel tó lọ síbi iṣẹ́, ó gbé búrẹ́dì alásàlà wá sí ọ́fíìsì Corinne, ó ní ti Oníbírò ni. Corinne ní òun kì í gba rìbá. Joel dá a lóhùn pé kí àwọn méjèèjì jọ jẹ ẹ́ létí odò, kí rìbá náà lè di oúnjẹ àárọ̀. Nígbà tí yìnyín fi yọ́ tán, kò sí òwúrọ̀ Ẹtì kan tí wọn kì í pàdé níbẹ̀.

Nígbà náà ni wọ́n parí àbá ètò ìlú ní ọ́fíìsì Corinne. Foundry kò sí nínú rẹ̀. Bébà nìkan ni ọ̀gá Corinne kà; ó ní bírò kì í ṣe bébà, ó sì kìlọ̀ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá tako ìwé ìlú ní gbangba ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Corinne bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, kò sì sọ fún Joel. Inú ìwé ìròyìn ni Joel ti kà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

"O ní wọn á kà á," ni Joel wí fún un létí odò.

"Mo rò pé wọn á kà á."

"Mi ò bínú pé wọn ò kà á, olólùfẹ́. O mọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, o sì ń bá mi jẹ búrẹ́dì."

Corinne gbé búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀.

Ní ti Emil, bàbá Joel, omi ẹ̀gbin ti ba gbogbo àwòrán ìyàwó rẹ̀ tó ti kú jẹ́, àfi ẹyọ kan. Ó ní Corinne kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà òun.

Nírọ̀lẹ́ ìpàdé ìkẹyìn lórí àbá ètò náà, gbọ̀ngàn ìlú kún. Ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ a sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó ń gbé, a sì gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó sì lè fi ìṣẹ́jú rẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún yóò dìbò. Emil gbé àwòrán tó kù dání. Ó sọ ti omi, ó sọ ti òórùn, ó sọ ti aya rẹ̀. Agogo lù kí ó tó dé orí àmì bírò. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ní ìwé fi hàn pé ẹni méjì péré ni ó béèrè fún páìpù náà.

Ó kan Joel. Orúkọ Corinne wà nínú ìwé tí ó kọ wá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é kó padà bí ó bá ti jáde lẹ́nu. Ó wo Corinne níbi tí ó jókòó sí láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Ó ká ìwé náà sápò.

"Joel Stasko. Nọ́ńbà mọ́kànlélógójì, Òpópónà Foundry. Mo fi ìṣẹ́jú mẹ́ta mi fún Corinne Pruett."

Ọ̀gá Corinne mi orí: òṣìṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ ní àyè ará ìlú. Corinne dìde. Ó bọ́ káàdì iṣẹ́ kúrò lọ́rùn, ó gbé e kalẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀, ó sì rìn lọ sídìí máìkì.

"Corinne Pruett. Nọ́ńbà mẹ́rìnlá, Alder Hill." Ó di máìkì mú. "Ìtòsí ilé mi ni afárá náà máa wà, mo sì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àmì mọ́kànlá wà lórí Foundry tí mo fi ọwọ́ ara mi yà, tí mo ṣèlérí pé wọn á kà. Wọn ò kà á, mo sì dákẹ́ nítorí iṣẹ́ mi. Bébà ló tán lọ́jọ́ náà. Ènìyàn ò tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà wọ́n."

Alága ní kí wọ́n tẹ́ àwòrán ìlú tó wà ní ilé ìkàwé lọ́jọ́ náà sílẹ̀. Ó fi ìka kà á: mẹ́tàlá. Ìbò já sí mẹ́ta sí méjì. Páìpù Foundry bọ́ sí ọdún àkọ́kọ́; afárá sún sí ọdún kẹrin.

Lórí àtẹ̀gùn òde, Emil dá Corinne dúró, ó bi í bóyá iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Corinne ní òun kò rò bẹ́ẹ̀.

"Á jẹ́ pé o ò ní tètè jí lọ́la," ni Emil wí. "Wá jẹun nílé wa. Ṣùgbọ́n má sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ilé o, ó ṣì ń rùn."

Joel dúró títí bàbá rẹ̀ fi dé ìdí mọ́tò.

"Oníbírò mi, bí wọ́n bá tún bi ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀ pé ibo lò ń gbé, kí lo máa sọ?"

"Ìbéèrè yẹn ju ti ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ," ni Corinne wí, omijé sì ń bẹ lójú rẹ̀. "Fún mi ní àyè."

Nígbà tí ọdún yípo, páìpù tuntun ti wọlẹ̀, abẹ́ ilé Emil sì ti gbẹ táútáú. Corinne, tí ó ti ríṣẹ́ sí ìlú kejì, wá sídìí máìkì ní gbọ̀ngàn ìlú láti bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n má gbàgbé afárá Alder Hill. Alága ní kí ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó ń gbé. Ó wo ìlà kẹta, níbi tí Joel àti Emil jókòó sí, ó sì fọwọ́ kan òrùka rẹ̀.

"Corinne Stasko," ni ó wí. "Nọ́ńbà mọ́kànlélógójì, Òpópónà Foundry."