Àpò tí Ọmọ Kì í Ké Nínú Rẹ̀

Ìyá tó bá ti tọ́ ọmọ aláriwo rí ni ọ̀rọ̀ yìí yóò kọ́kọ́ yé. O fún un lọ́mú, ó ń ké. O wẹ̀ ẹ́, o pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, o gbé e rìn yí yàrá ká, ó ṣì ń ké. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ kan bí ládùúgbò wa. Ọmọ oṣù méjì ni, obìnrin, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé àwọn ará ilé sọ ọ́ ní Fèrè. Kò pẹ́ tí ìyá náà fi di Ìyá Fèrè.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan tó kọjú sí títì ni Ìyá Fèrè ti ń ránṣọ. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ti ọ̀gá, tirẹ̀, àti ti ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó nítorí pé kò tíì pé ọdún kan tó wọlé ọkọ. Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ti là á mọ́lẹ̀ pé bí igbe ọmọ yẹn bá tún lé oníbàárà kan lọ, kí Ìyá Fèrè lọ jókòó sílé títí ọmọ yóò fi gbọ́n. Akunlé ni bàbá ọmọ. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá ti rí ilé kùn, abẹ́rẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń jẹun.

Aránṣọ wa wá lọ wo àpò ìgbọ́mọ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, irú èyí tó ní bẹ́líìtì fún èjìká méjèèjì. Ó wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì rọra dá a padà bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun olóhun.

Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ẹrù ọmọ àlòkù, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹ̀dínwó, ló yà sí nígbà tó ń bọ̀. Àpò kan fi ara kọ́ níbẹ̀, dúdú, ó jìn, okùn kan ṣoṣo ló ní tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, wọ́n sì fi rọ́bà sí ẹnu rẹ̀ tó ń fà á pọ̀. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ìyá Fèrè yí inú rẹ̀ síta, ó fa okùn, ó wo ojú rírán gbogbo. Kò sí ibi tó tú, kò sí ibi tó fẹ́ tú. Kò sí aránṣọ tó máa rí àléébù kankan lára rẹ̀.

Ẹ̀dínwó ní, “Rà á. Ọmọ tó bá wọ inú èyí kì í ké.”

Ìyá Fèrè bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Ẹni tó tà á fún mi. Mo bi í bóyá ọmọ máa ń ké nínú rẹ̀, ó ní rárá, kì í ké. Iye tí mo pè ló gbà, kò ná an. Ó gbé e sílẹ̀, ó sì ń lọ. Kò wẹ̀yìn.”

Ìyá Fèrè rẹ́rìn-ín, ó sanwó. Ta ni kò ní sanwó?

Òótọ́ sì ni. Lọ́jọ́ kejì, kò tíì tún okùn ṣe lọ́rùn tán tí ọmọ ti dákẹ́. Ó ká bí bọ́ọ̀lù sísàlẹ̀ àpò, rọ́bà fa ẹnu rẹ̀ pọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọ̀gá ń rọra kọrin. Ìyàwó ní òun ti sọ ọ́ sílẹ̀, òun lòun máa yá àpò yẹn bí òun bá bímọ. Oníbàárà kan dúró níwájú Ìyá Fèrè fún ìdajì wákàtí tí ìyá náà ń wọn ara rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ ló tó béèrè pé, “Ọmọ yín ńkọ́? Ẹ gbé e sílẹ̀ sílé ni?” Wọ́n fi hàn án, ó gbọnrí, ó ní ọmọ jẹ́jẹ́ nìyí o.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí Ìyá Fèrè rí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá yọ ọmọ jáde, Fèrè á kọ́kọ́ mí èémí gígùn kan, bí ẹni tó yọ orí nínú omi. Gbogbo irun orí rẹ̀ á tutù fún òógùn. Àwọ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ á rí bákan, ìyá á sì sọ fún ara rẹ̀ pé iná gílóòbù ni. Nígbà mìíràn, bí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, á tẹ́tí sí àyà ara rẹ̀, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Á fi ìka tẹ àpò náà. Á dúró. Á tún tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan á wá mira nínú rẹ̀ níkẹyìn, díẹ̀ báyìí, òun náà á sì padà sídìí iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta ni obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní òdìkejì títì.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì pa ló máa ń fara tì. Kò tà, kò rà, kò dúró de ọkọ̀. Ìyàwó ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé kò wo èèyàn kankan nínú wọn. Àpò ló ń wò. Bí Ìyá Fèrè bá dìde lọ sídìí tábìlì, ojú rẹ̀ á bá àpò lọ. Bó bá padà, ojú rẹ̀ á bá a padà. Nígbà tí Ìyá Fèrè sì yọ ọmọ jáde láti fún un lọ́mú, tó tẹ́ ẹ sórí ìdì aṣọ, tó fi àpò òfìfo kọ́ ìṣó, obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó yípadà, ó lọ. Kò tó wákàtí kan, wọ́n gbé ọmọ padà sínú àpò. Wọ́n wo òdìkejì títì. Ó ti dé.

Ìyá Fèrè fa àpò mọ́ra.

Ìyàwó ní gbọ́mọgbọ́mọ ni, kí ló tún kù. Ọ̀gá gbé ìwọ̀n tépù kọ́rùn, ó sọdá títì lọ bá a, ó bi í pé ta ló ń wá. Ọ̀gá ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé obìnrin náà la ẹnu, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Ó kàn rọra kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, nǹkan bí aago mẹ́rin, Ìyá Fèrè gba ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí lọ sílé. Ògiri gígùn ló wà lápá ọ̀tún, ògiri gígùn lápá òsì, oòrùn sì mú gan-an débi pé kò sí ẹyẹ kan tó ń dún. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ó dúró, ẹsẹ̀ náà dúró. Ó yára, ẹsẹ̀ náà yára. Ó wẹ̀yìn, ó rí i, obìnrin òdìkejì títì, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ.

Ohun tí ìyá èyíkéyìí máa ṣe ló ṣe: ó fi ọmọ pamọ́. Ó fa rọ́bà ẹnu àpò pa dé, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi bò ó lórí, ó fi apá méjèèjì há a mọ́ra, ó sì sáré. Ó gun àtẹ̀gùn ilé wọn dé òkè. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó máa yíjú, obìnrin náà ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

“Ẹ má sún mọ́ mi.”

“Mi ò ní sún mọ́ yín. Ibí yìí ni mo máa dúró.” Kò pariwo. Ó di irin àtẹ̀gùn mú. “Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọmọ, ẹ yọ ọ́ jáde.”

“Kí lẹ fẹ́ lára ọmọ mi?”

“Mi ò fẹ́ ọmọ yín. Ẹ ṣáà wo ojú rẹ̀.”

“Ó ń sùn.”

“Mo mọ̀. Tèmi náà ń sùn.”

Ìyá Fèrè ní òun kò mọ ohun tó jẹ́ kí òun gbọ́ràn. Ó ṣí gèlè, ó fẹ ẹnu àpò. Orí ọmọ ti tẹ̀ wá síwájú, àgbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àyà, imú rẹ̀ wọnú aṣọ. Ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú. Ó fà á jáde, ọmọ náà rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Obìnrin náà gbàgbé ìlérí tó ṣe, ó gun àtẹ̀gùn ní méjì méjì. “Tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Gbé àgbọ̀n rẹ̀ kúrò láyà. Díẹ̀, má fà á jù.” Ó ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ọmọ, ó ń ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó ń ra á. Lẹ́yìn náà ni Fèrè mí èémí gígùn, tó sì ké.

Ìyá rẹ̀ fẹ́ jókòó síbẹ̀ kó máa sunkún. Obìnrin náà kò gbà. Ó ní kó dìde, pé bí ọmọ bá tilẹ̀ ti ké, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbé e wá, àpò òfìfo ṣì wà lọ́rùn ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́, wọ́n dá a dúró di ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ sì yá. Nígbà tí ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀, mo gbójú sókè, mo rí obìnrin tó tẹ̀ lé wọn wá, mo sì dá a mọ̀.

Ó ti wá sọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbé wá, ọkùnrin, nínú àpò dúdú yìí gan-an. Ọmọ náà ti kú kó tó dé. Èmi ni mo jókòó tì í, tí mo ṣàlàyé pé ọ̀fun ọmọ kékeré rọ̀ bí ewé àlùbọ́sà, pé bí àgbọ̀n rẹ̀ bá tẹ àyà, ọ̀nà èémí á ká, pé ọmọ kò ní jà, kò ní ké, yóò kàn máa dákẹ́ sí i. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, mo sì sọ ọ́ dáadáa. Mi ò bi í léèrè ohun tó máa fi àpò náà ṣe. Ó gbé e kọ́ èjìká, ó bọ́ síta, mo sì pe ẹni tó kàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Fèrè wá yìí, ó sọ fún wa pé òun kò lè máa wo àpò náà, òun kò sì lè dáná sun ún, pé ó máa dà bí ẹni pé ọmọ òun lòun ń sun. Ló bá tà á. Lẹ́yìn náà ló rí i láyà Ìyá Fèrè.

Ó ní, “Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó lè sọ pé àpò yẹn burú, mo ní láti sọ pé inú rẹ̀ ni ọmọ mi kú sí, láyà mi, lórí ìlà ní báńkì. Èèyàn mẹ́ta ló yìn mí lórí ìlà yẹn pé ọmọ mi jẹ́jẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.”

Ojú ti Ìyá Fèrè, ó jẹ́wọ́ pé gbọ́mọgbọ́mọ làwọn ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ló bi í léèrè orúkọ ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà pe orúkọ náà. Ó ní láti ọdún tó kọjá, òun kò tíì gbọ́ ọ létí.

Ìyá Fèrè wá yá sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Orí tábìlì mi ló ti gé àpò náà, ó gé okùn, ó gé rọ́bà, ó gé aṣọ rẹ̀ kéékèèké débi pé kò sí aránṣọ tó lè rán an pọ̀ mọ́. Mo fi aṣọ òwú gígùn kan kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọmọ mọ́ àyà. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ju àpò Ẹ̀dínwó lọ. Ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ ìtàn náà, ó sì ní kí ọmọ máa ké bó bá ṣe wù ú.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, mo mọ̀ pé owó kò sí, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ jẹ gbèsè nítorí àpò. Àlòkù kò burú. Aṣọ lásán kò burú. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí ọmọ ṣe wà nínú rẹ̀. Kó wà lóòró, kó má ká kọ́rọ́. Kí aṣọ dì í mọ́ yín dáadáa, kó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró, kí ọmọ má lè yọ́ wálẹ̀. Kí ẹ lè rí ojú rẹ̀ nígbàkúùgbà láìṣí nǹkan kan, kí orí rẹ̀ sì ga tó kí ẹ lè tẹrí ba fi ẹnu kò ó. Ẹ fi ìka méjì sáàárín àgbọ̀n rẹ̀ àti àyà rẹ̀. Bí ìka méjì kò bá gbà, ẹ tú u, ẹ tún un dì. Ẹ má fi gèlè tàbí aṣọ bo ojú rẹ̀, ì báà jẹ́ nítorí oòrùn, ì báà jẹ́ nítorí èèyàn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, àti ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú ni kí ẹ ṣọ́ jù. Bí ètè rẹ̀ bá yí àwọ̀ padà tàbí tí èémí rẹ̀ bá le, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ tẹ́ ẹ gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ kúrò láyà, ẹ kígbe fún ìrànlọ́wọ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ ti ń ké padà.

Bí ọmọ yín bá dákẹ́, ẹ wò ó. Ẹ má dúpẹ́ kí ẹ tó wò ó.

Bí irú àpò jíjìn yẹn bá sì wà nílé yín, ẹ má tà á, ẹ má fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, ẹ má kàn jù ú sórí ààtàn níbi tí ẹlòmíràn ti máa ṣà á. Ẹ gé e. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí tí ẹ fi gé aṣọ gidi, ẹ sọ ọ́ fún un, bó tilẹ̀ ń dùn yín lẹ́nu.