Àmì Ọ̀bẹ Nínú Yanrìn

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ojú mi ló rí i, ọwọ́ mi ló sì wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ kò ṣẹ̀ mí. Ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún èmi náà ni, ẹ̀rín ni mo máa rín.

Socorro ni orúkọ mi, Coya ni wọ́n ń pè mí ní Brawley, ìlú wa lẹ́bàá aṣálẹ̀. Fọganáísà ni mí. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, ọdún mọ́kànlélógún, èmi ni mo ń wọ táyà fún àwọn tó ń wa ọkọ̀ lórí òkìtì yanrìn. N kì í bẹ̀rù òkú, ara mi kì í sì í gba ẹni tó ń sọ̀rọ̀ iwin nídìí oúnjẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Adán. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà, oyún Yesenia ìyàwó rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ ọdún Ìdúpẹ́ ni, ìsinmi tí àwọn èèyàn wa máa ń lọ pàgọ́ sínú aṣálẹ̀ láti wa ọkọ̀ lórí yanrìn. Adán ti ra mọ́tò yanrìn àkọ́kọ́ rẹ̀, irú èyí tó jẹ́ páìpù irin àti ẹ́ńjìnnì lásán, tí kò ní ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ kí n wọ táyà oníṣọ́bìrì sí i lẹ́yìn. Ara táyà yẹn ń dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, àfi rọ́bà tó ga tó dábùú lórí rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bí ojú ṣọ́bìrì. Òun ló máa ń kó yanrìn sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè lọ síwájú.

"Ṣọ́bìrì mẹ́rìndínlógún ni kẹ́ ẹ fún mi," Adán ní.

"Ẹ́ńjìnnì wo ló máa yí i?"

"Tèmi."

"Tìẹ yẹn? Èémí á ti tán nínú ẹ̀ kó tó dé ìdajì òkè. Méjìlá lagbára ẹ̀ mọ."

"Màmá, mẹ́rìndínlógún làwọn ẹgbẹ́ mi ń lò."

"Ṣé àwọn ẹgbẹ́ ẹ ló máa wá tì ẹ́ tó bá kú sórí òkè? Gbé jáàkì wá, jàre."

Méjìlá la wọ̀. Tuntun ni wọ́n, òórùn rọ́bà ṣì ń ta nímú. Mo yẹ ojú ṣọ́bìrì wò lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ sódì, sàréè ni ọkọ̀ rẹ̀ máa gbẹ́ fún ara rẹ̀. Mo wá mú ọ̀bẹ. Àṣà mi ni pé kí n gé àmì onígun mẹ́ta kékeré sí etí ṣọ́bìrì tó bá kọjú sí fáàfù. Bí táyà bá yí lára ríìmù, àmì yẹn ló máa sọ fún mi. Lọ́jọ́ náà, ọ̀bẹ yọ̀ lọ́wọ́ mi lórí táyà ọ̀tún. Ó gé igun ṣọ́bìrì tó tẹ̀lé e sọnù, ó tó èékánná àtàǹpàkò. Táyà tuntun. Inú bí mi gan-an.

"Ọ̀gá fọganáísà," Adán ní.

"Dákẹ́ ẹnu ẹ."

Orí kọnkéré ọgbà mi ni ọkọ̀ náà ti gun ọkọ̀ àfàlẹ́yìn. Táyà méjèèjì yẹn kò fara kan yanrìn rárá títí a fi dé àgọ́.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a já ọkọ̀ náà sílẹ̀. Atẹ́gùn ti fẹ́ láti òru mọ́jú, ó sì ti pa gbogbo ipa ọkọ̀ àná rẹ́. Ṣàdédé ló dáwọ́ dúró. Mo jo afẹ́fẹ́ inú táyà dànù títí géèjì fi ka mẹ́jọ, kí ó má baà rì nínú yanrìn. Yesenia so àsíá mọ́ orí ọ̀pá gígùn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, kí àwọn tó wà lódì kejì òkè lè máa rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an, láti ara aṣọ tábìlì àtijọ́ kan tó ní òdòdó pupa.

Bàbá Chema, aládùúgbò wa ní àgọ́, ń gbé tamale, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ewé dì, kaná. Ó gbójú sókè.

"Ẹ dúró kí oòrùn yẹ̀ díẹ̀," ó ní. "Kò sí òjìji. Ẹ ò ní rí etí òkè."

Òótọ́ ló sọ. Bí oòrùn bá wà láàárín orí, gbogbo òkìtì á di ọ̀kan náà lójú awakọ̀. Ó lè rò pé ilẹ̀ ṣì wà níwájú òun, kó jẹ́ pé inú kòtò ló ń já sí.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, Bàbá," Adán ní. "Mo kàn fẹ́ dán táyà wò ni."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn náà ló gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ."

Mo mọ ọmọ mi. Bí mo bá ní kó má lọ, ó máa lọ bí mo bá yíjú. Mo wọ ọkọ̀, mo jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

A lọ sí ìhà gúúsù, a kọjá ibi tí àwọn èèyàn máa ń dé. Ọkọ̀ náà ń lọ dáadáa. Adán dúró sí ẹsẹ̀ òkìtì ńlá kan, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kí n gun ìyẹn, ẹ fi fóònù yà mí. Yesenia fẹ́ wò ó."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo táyà ọ̀tún, mo wo ti òsì. Wọn kò yí lára ríìmù. Mo gbé orí sókè, mo wá rí ipa táyà kan níwájú wa.

Ipa oníṣọ́bìrì ni. Etí rẹ̀ kò tíì wó, bíi pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ó gun òkìtì náà tààrà, ó lọ dé téńté.

"Ẹnì kan ti ṣáájú wa," Adán ní. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

Mo ti rí àmì igun mẹ́ta mi nínú yanrìn.

Mo kà á. Ṣọ́bìrì méjìlá, igun mẹ́ta. Méjìlá mìíràn, igun mẹ́ta. Ní ipa ọ̀tún, èyí tó tẹ̀lé igun mẹ́ta kò ní igun kan. Ó tó èékánná àtàǹpàkò. Mo na ìka mi sára táyà wa, mo tún nà án sínú yanrìn. Ọgbọọgba ni wọ́n.

"A ti gba ibí kọjá ni," Adán ní.

"Nígbà wo?"

Mo wo ẹ̀yìn. Ipa tiwa wá láti ìhà àríwá, ó parí sábẹ́ ọkọ̀ wa. Èyí tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ ní bí ogún ìṣísẹ̀ sí wa, láàárín yanrìn tí ohunkóhun kò tẹ̀. Kò sí ibi tó ti wá.

Mo tún rí nǹkan mìíràn. Ipa òsì jìn. Ti ọ̀tún fúyẹ́. Apá òsì ni awakọ̀ máa ń jókòó. Ẹni tó wa ọkọ̀ yẹn gun òkè, kò sí ẹnì kankan ní ìjókòó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kúrò.

"Adán, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀rù?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò parí rẹ̀.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, mo fi í sí àyà mi. Mo ní kó dúró síbẹ̀, kó má gbé ẹsẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ gun òkìtì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa yẹn. Yanrìn ń wó lábẹ́ mi. Ìmí mi nìkan ni mò ń gbọ́.

Etí òkè náà mú. Ipa táyà dé ibẹ̀, ó tán. Lódì kejì, ilẹ̀ já sínú kòtò ńlá kan. Kò sí ipa tó sọ̀ kalẹ̀, kò sí ọkọ̀ níbẹ̀, kò sí èèyàn. Yanrìn ìsàlẹ̀ tẹ́jú láìsí àbàwọ́n kankan.

Òórùn epo bẹntiróòlù ló kọ́kọ́ dé imú mi. Òórùn rọ́bà gbígbóná tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró. Tín. Tín. Tín. Irin ẹ́ńjìnnì ló máa ń dún bẹ́ẹ̀ tó bá kú, tó ń tutù. Mo mọ ìró yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Inú kòtò òfìfo yẹn ló ti ń wá.

"Màmá."

Ohùn Adán ni. Ó ti há, bíi ti ẹni tó ti ń pè tipẹ́. Ìsàlẹ̀ kòtò ló ti pè mí.

Mo yíjú wo ẹ̀yìn. Adán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, níbi tí mo fi í sí. Ó gbé ìgò omi sẹ́nu. Mo rí omi tó ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀.

"Màmá, ẹ má fi mí sílẹ̀."

Ẹ wò ó, ìyá ni mí. Ẹsẹ̀ mi kan ti kọjá etí òkè kí n tó mọ̀. Ọkàn mi fà ya sí méjì. Mo fa ẹsẹ̀ náà padà, mo sáré sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ èyí tí mo lè fọwọ́ kàn, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Ohùn inú kòtò ń pè mí títí mo fi dé ìsàlẹ̀.

Mo tú imú fáàfù táyà ọ̀tún, mo tú ti òsì, mo jù wọ́n sínú yanrìn. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde.

"Màmá! Ṣé orí yín ti dàrú ni?"

"Máa pè mí ní wèrè. Ṣáà wà láàyè kó o máa pè mí bẹ́ẹ̀."

Yesenia ló rán Bàbá Chema wá nígbà tí a kò padà. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó dé. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń wo òkè.

"Ta ló wà lẹ́yìn òkìtì yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan," Adán ní.

"Mo rí àsíá lókè níbẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀. Ó dúró sójú kan. Olódòdó pupa."

Lẹ́yìn náà ló wá rí àsíá tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wa. Ó wò ó pẹ́. Ó so okùn mọ́ wa, ó sì fà wá dé àgọ́.

Mo fi ayùn gé táyà méjèèjì sí wẹ́wẹ́. Yesenia bí ọmọbìnrin lóṣù tó tẹ̀lé e. Adán ta mọ́tò náà, kò bá mi jà sí i mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Bó bá pè mí láti ìta, n kì í dáhùn. Mo máa ń dúró kí n rí ojú rẹ̀ ná.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó gbé ọmọ wá kí mi. Mo wà nídìí iṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ "Màmá" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo di jáàkì mú, mo dákẹ́. Ó wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Màmá, kí ni mo ṣe yín gan-an? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè yín."

Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó ti ilẹ̀kùn.