A Wá Ameenat Dé Ìmùṣin

Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí Waris, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ń ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Òdógbolú bọ̀ wá sílé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó na fọ́tò obìnrin kan sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ṣé ẹ mọ ìyá yìí?"

"Ẹ ò tilẹ̀ kí èèyàn!" Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ojú rẹ̀ pa ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu. "Ta ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

"Ìyá mi ni. Ameenat ni wọ́n ń jẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí wọ́n fi èmi àti bàbá mi sílẹ̀ ní Kàdúná. Bàbá mi ti kú. Mi ò ní ẹlòmíràn."

Báyìí ni ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo Sátidé la fi ń wá Ameenat kiri, láti mọ́ṣáláṣí dé mọ́ṣáláṣí. Waris a máa pè mí ní "ìtura mi", inú mi a sì dùn ṣìnkìn. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá pè mí lórí fóònù, Waris yóò kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán.

Nígbà tí mo mú un délé, bàbá mi, Tíṣà Ògúnsànyà, tó jẹ́ onígbàgbọ́, kò tilẹ̀ dárúkọ ẹ̀sìn.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ta ni yóò dìde pé ọmọ àwọn ni ọ́? Ṣé a ó lọ háyà ẹbí ni? Ẹyọ ẹnì kan tó bá ọ tan ni mo fẹ́ fojú rí. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò lè fún ọ lọ́mọ."

Ní Ìmùṣin, ìyá kan tó ń sun àgbàdo wo fọ́tò náà, ó wo Waris.

"Ameenat kẹ̀? Susannah ni o! Ìyàwó alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ilé wọn nìyẹn."

Inú mọ́ṣáláṣí la ti ń wá onígbàgbọ́! Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ ń gbé agboolé wa, ó yẹ kí n ti ronú síbẹ̀.

Susannah nìkan ló wà nílé, ó ń rin ewùrà. Waris ò tíì sọ̀rọ̀ tí ewùrà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Waris!" Ó dì mọ́ ọn, ó ń fọwọ́ pa á lórí. Nígbà tó yá, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, ọkọ mi ò mọ̀ pé mo ti bímọ rí kó tó fẹ́ mi. Mo fi Bíbélì búra fún un. Bó bá gbọ́, yóò lé mi jáde, àwọn àbúrò rẹ mẹ́ta ńkọ́? Jọ̀ọ́, má pè mí ní ìyá níta."

"Mi ò ní sọ fẹ́nì kankan, ìyá mi," ni Waris wí. Ó dọ̀bálẹ̀, a sì jáde.

"Jẹ́ kí n sọ fún bàbá mi nìkan," mo bẹ̀ ẹ́ lọ́nà.

"Ṣèyí, bàbá yín á fẹ́ wá kí àna wọn. Ìwọ náà mọ̀."

Mo mọ̀. Inú bí mi sí obìnrin yẹn, síbẹ̀ mi ò rí i kórìíra.

Bàbá mi ń dúró dè wá. "Ṣé ẹ rí i?"

Èmi ni wọ́n ń wò. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti lọ́kọ nìyẹn.

"A ò rí wọn, sà."

Bàbá mi gbọ́wọ́ lé Waris léjìká. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí o rí ẹni rẹ."

"Àmín, sà," ni Waris wí.

Lọ́jọ́ kejì, mo sìn ín dé gáréèjì ọkọ̀ Kàdúná, bí a ṣe ń sin àlejò.