Ibi Tí Lábísí Kò Tíì Dé

Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà ni Ògúnníyì kọ́kọ́ rí. Ó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ lórí símẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ìlaròó, bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Àwòrán kún ọwọ́ rẹ̀: òkun, ilé olódi lórí òkè, ilé gogoro tó ń tanná fún ọkọ̀ ojú omi.

“Sístà, ibo nìyí?”

“Skábọ́rọ̀, ní ìlú òyìnbó. Mò ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Mo sì fẹ́ mọ gbogbo ibi tí màá fojú rí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ tèmi náà. Ó yẹ kí n mọ ibi tí màá ti wá yín.”

Lábísí rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró.

Oṣù mẹ́ta ni Ògúnníyì fi ń gun ọ̀kadà láti oko rẹ̀ ní Ìjóùn wá wò ó. Lábísí fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba, ìyẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Síbẹ̀, ó lọ.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Ògúnníyì ń pè é. “Ṣé o ti wọ ilé olódi?”

“Rárá o.”

“Ilé gogoro ńkọ́?”

“N ò tíì débẹ̀.”

Ọdún kan yípo. Ọkàn Ògúnníyì ò balẹ̀ mọ́. Bó bá ń ro ẹ̀gẹ́, á dá ọkọ́ dúró, á wo fóònù. Lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ta lò ń bá lọ síbẹ̀ tóò fẹ́ kí n mọ̀?”

Lábísí ní, “Olólùfẹ́ mi, ojoojúmọ́ ni mò ń rí ilé yẹn láti inú bọ́ọ̀sì. Ìwọ ni mò ń dúró dè ká lè jọ wọ̀ ọ́.”

Ojú ti Ògúnníyì. Ó ní kí bàbá òun lọ tọrọ rẹ̀.

“Mo gbọ́,” ni Bàbá wí, “àmọ́ mi ò ní bá fọ́tò dána. Lọ́jọ́ ìdána ẹ̀gbọ́n ẹ, fọ́tò ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n gbé sórí àga. Títí dòní, n ò mọ ohùn ẹ̀.”

Lábísí gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ ìtọrọ, bàlúù rẹ̀ pẹ́, làwọn ẹbí rẹ̀ bá gbé fọ́tò rẹ̀ sórí àga. Bí Bàbá ṣe rí i, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ gbé iṣu wa,” ló wí. “A ń lọ.”

Ìgbà náà ni takisí dúró níta. Lábísí wọlé tòun ti báàgì, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ọ̀nà ló dá mi dúró.”

“Ohùn ẹ nìyẹn?” Bàbá wá àga, ó jókòó.

Lábísí gbé fọ́tò náà kúrò, ó jókòó síbẹ̀. Ògúnníyì wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò gbọ̀n.