Ọ̀nà Tí Bọ́ọ̀dù Yàn

Mi ò bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì yọ nínú rẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni obìnrin kan ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń wa mọ́tò tó ń pín ẹ̀jẹ̀ kiri àwọn ilé ìwòsàn. Kíámọ́sá ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é. Ṣùgbọ́n ìlú tóbi, aláìsàn mìíràn sì ń kú kó tó dé. Ilé ìwòsàn wo ni kó kọ́kọ́ yà, èwo ni kó kẹ́yìn, kí ìrìn lè kúrú jù lọ? Kọ̀ǹpútà lásán á máa yẹ ọ̀nà wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ilẹ̀ á sì ṣú bá a lẹ́nu ẹ̀.

Ni obìnrin yìí bá to ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wínníwínní sórí bọ́ọ̀dù kan, ó fi wáyà so wọ́n pọ̀. Gbogbo wọn á ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á máa fa èkejì, wọ́n á máa kùn bí oyin. Tí wọ́n bá ti fohùn ṣọ̀kan, wọ́n á dákẹ́ wáí. Ọ̀nà tó kúrú jù á sì yọ lójú fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Iṣẹ́ ń lọ geere. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí bọ́ọ̀dù gbé ìrìn kan jáde tó kúrú ju kí ẹyẹ fò tààrà lọ. Obìnrin náà rò pé wáyà kan ló já. Ó ń wá a lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé.

"Ẹ ti pín ẹ̀jẹ̀ náà tán?"

"Tipẹ́. Ọ̀nà tuntun yẹn mà dáa o."

"Ọ̀nà wo?"

"Èyí tó yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri funfun. Kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kò sí èèyàn. Rédíò mi kàn dákẹ́ níbẹ̀ ni."

Obìnrin náà lọ wo ògiri náà fúnra rẹ̀. Ó fọwọ́ rà á láti ìkángun dé ìkángun. Kò sí ibi yíyà kankan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ibẹ̀ mọ́."

"Ọmọ kan yè torí ọ̀nà yẹn. Kí n wá sọ fún ìyá ẹ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí?"

Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀dù kùn, ó dákẹ́. Òdo ni iye tó gbé jáde. Ìrìn tí kò gùn rárá. Obìnrin náà fa wáyà iná yọ, ó sáré pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ibo lẹ wà?"

"Mo ti yà."

Kò sí ìró ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Kò sí ìró kankan.

"Ẹ padà!"

"Mi ò rí ibi tí mo gbà wọlé mọ́."

Ó ti wáyà iná bọ bọ́ọ̀dù padà kíá. Àwọn ẹ̀rọ kùn, wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n mú wá. Ó tún un ṣe léraléra. Ọ̀nà àtijọ́ náà ni.

Àwọn ọlọ́pàá wó ògiri náà. Koríko ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Wọn ò rí mọ́tò, wọn ò rí ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n fóònù ẹ̀gbọ́n náà ń wọlé. Ó máa ń gbé e. Ohun tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ náà ló ń sọ fún àbúrò rẹ̀: "Fọkàn balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ṣì tutù. Ó ku díẹ̀ kí n dé."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun.

"Àbúrò mi, ta lo rán tẹ̀ lé mi?"

Kò rán ẹnikẹ́ni.